Irun Tó Ń Re: Ẹ Wo Awọ Orí Kí Ẹ Tó Ka Irun

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ àwa dókítà awọ ara nítorí irun ló máa ń di irun tó re sínú ọ̀rá wá. Wọ́n á tú u sórí tábìlì, wọ́n á ní, “Dókítà, ẹ wò ó, ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo èyí já.” Ẹ̀rù ń bà wọ́n, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ irun inú ọ̀rá kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Orí tó ti kúrò ni mo ń wò.

Irun orí èèyàn tó nǹkan bí 100,000. Irun 50 sí 100 ló sì ń re lójúmọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin. Irun kọ̀ọ̀kan á hù fún ọdún mélòó kan, á sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, á re, òmíràn á sì hù níbẹ̀. Ẹni tó ń ya irun rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í fura, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń bá òòyà lọ. Ẹni tó di irun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ńkọ́? Gbogbo èyí tó re láàárín ọjọ́ 42 yẹn há sínú ìdì ni. Lọ́jọ́ tó bá tú u, irun 2,000 sí 4,000 lè bá òòyà jáde, kí nǹkan kan má sì ṣe orí rẹ̀.

Ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí kókó funfun tín-ín-rín bá wà ní ìdí rẹ̀ bí orí ìṣáná, láti gbòǹgbò ló ti kúrò, àsìkò rẹ̀ ló pé. Bí kò bá sí kókó, tí gígùn wọn kò sì dọ́gba, ṣe ni irun náà já láàárín. Lára àgbàlagbà, rílásà, iná tí a fi ń na irun, àti irun gbígbẹ ló sábà ń fa ìyẹn.

Irun tún lè re wìtìwìtì káàkiri orí ní nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ibà líle, iṣẹ́ abẹ tàbí ìbímọ. Ìnira yẹn ló ti irun púpọ̀ sínú ìsinmi lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí yóò fi máa re, aláìsàn ti gbàgbé ibà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ ayé ti ń wọlé. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ fọkàn balẹ̀: irun yẹn máa ń padà. Bó bá kọjá oṣù mẹ́fà tí kò dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dà jù lè má ní iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó lára. Ẹni tí òtútù ń mú ju àwọn tó kù lọ, tó ń sanra láìjẹun jù, tó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, tàbí tí gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn rẹ̀, ó lè jẹ́ thyroid, ẹ̀yà ara kan ní iwájú ọrùn, ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni iwájú orí àti ẹ̀bátí tí ìdì líle ti jẹ, torí a lè dènà rẹ̀. Bí onídìrí bá dì í tí ojú ń fà, tí ẹ ò rí oorun sùn, tí eéwo wẹ́wẹ́ ń yọ ní ìdí irun, ẹ má gbé parasitamọ́ọ̀lù mì kí ẹ sì máa fara dà á. Ẹ tú u lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ kékeré tó ń sunkún lórí àpótí onídìrí kì í ṣe alákẹ́jù o. Orí ń dùn ún ni. Bí a bá tètè jáwọ́, irun ibẹ̀ á padà. Bó bá pẹ́, ihò irun á dí, á di àpá, kò sì ní hù mọ́.

Òmíràn wà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín orí, tó wọ́pọ̀ lára àwa obìnrin adúláwọ̀. CCCA là ń pè é. Ibẹ̀ lè máa yún, kó máa ta, kí òòyà má ṣeé fi kàn án. Díẹ̀díẹ̀ á máa fẹ̀, awọ rẹ̀ á sì máa dán. Àwọn kan á ní, “Bí orí ìyá mi náà ṣe rí nìyẹn.” Òótọ́ ni pé ó lè wà nínú ẹbí, àmọ́ àìsàn ṣì ni. Oògùn lè dá a dúró níbi tó dé. Èyí tó ti di àpá kì í sábà padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi gèlè àti wíìgì bò ó fún ọdún púpọ̀.

Bí irun bá dédé kúrò ní òbíríkítí, tí ojú ibẹ̀ ń dán láìsí egbò, ó lè jẹ́ alopecia areata: ọmọ ogun ara fúnra rẹ̀ ló ń bá irun jà. Bó bá jẹ́ orí ọmọdé ló ń hó, tí irun ibẹ̀ sì já mọ́ ìdí, làpálàpá ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìpara nìkan kò lè wò ó, torí inú ihò irun ló wọ̀ sí. Oògùn mímu tí dókítà kọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń wò ó. Òòyà tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà. Irun tó ń re pẹ̀lú oríkèé ríro, egbò ẹnu àti awọ ojú tó ń pọ́n bí oòrùn bá pa á lè jẹ́ lupus, àìsàn tí ọmọ ogun ara ti ń bá ara fúnra rẹ̀ jà. Ìyẹn kò gba kí a dúró di oṣù tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá rí dókítà, ẹ tú irun sílẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fi òróró kankan sí i. Ẹ mú fọ́tò tó fi orí yín hàn ní ọdún kan tàbí méjì sẹ́yìn wá, àti orúkọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò. Ìpara tí ẹ ti ń fi pa á náà, ẹ gbé agolo rẹ̀ dání.