Bí ìsọfúnni nípa wa bá kọjá sí òkè òkun, òfin wo ló ń dáàbò bò ó?

Ìbéèrè: Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Sábó, n'Ìkòròdú, fi orúkọ, fọ́tò àti nọ́ńbà NIN rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ó wá gbọ́ pé òkè òkun ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó wọn pamọ́ sí wà. Ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Òfin gbà á, ṣùgbọ́n kò gbà á lásán. Abala 41 nínú Òfin Ààbò Ìsọfúnni Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, sọ pé ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ìsọfúnni nípa ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, àyàfi bí òfin, àdéhùn tàbí ìlànà tó de ẹni tí yóò gbà á níbẹ̀ bá lè dáàbò bò ó dáadáa, tàbí bí ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí abala 43 kà sílẹ̀ bá wà. Ilé iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ kọ ìdí tó gbára lé sílẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ààbò ibẹ̀ tó?

Ìdáhùn: Wọ́n ń wò ó bóyá ẹni tó ni ìsọfúnni lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbẹ̀, bóyá àjọ olómìnira kan ń mójú tó o, àti bí ìjọba ibẹ̀ ṣe lè tojú bọ̀ ọ́ tó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣòro jù. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2020, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fagi lé àdéhùn tí Yúróòpù bá Amẹ́ríkà ṣe lórí fífi ìsọfúnni ránṣẹ́ síbẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà lè wo ìsọfúnni àwọn ará Yúróòpù láìsí ilé ẹjọ́ tó lè gbèjà wọn bó ti yẹ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àjọ tó ń mójú tó ààbò ìsọfúnni nílẹ̀ Ireland bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 1.2 yúrò lé Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Facebook, lórí, nítorí pé kò dáwọ́ kíkó ìsọfúnni àwọn tó ń lo Facebook lọ sí Amẹ́ríkà dúró. Pé orílẹ̀-èdè kan lágbára kò túmọ̀ sí pé ààbò ibẹ̀ péye.

Ìbéèrè: Ìyá yìí ti tẹ ibi tí wọ́n kọ “Mo gbà” sí. Ṣé kò ti pa ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìyọ̀ǹda tí abala 43 ń wí ni èyí tí ènìyàn fúnni lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàlàyé ewu tó wà níbẹ̀ fún un, ó sì lè gbà á padà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ gbọọrọ tí wọ́n kọ ní lẹ́tà wínníwínní kì í ṣe àlàyé. Ó lè béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà pé àwọn wo ni wọ́n fi ìsọfúnni òun ránṣẹ́ sí lókè òkun, bí wọn kò bá sì dá a lóhùn, kí ó fẹjọ́ sun NDPC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ìsọfúnni ní Nàìjíríà. Kò dìgbà tó bá rìnrìn àjò lọ síbi tí kọ̀ǹpútà náà wà, nítorí òfin yìí de ilé iṣẹ́ tí kò sí ní Nàìjíríà pàápàá, bí ó bá ṣáà ti ń lo ìsọfúnni ẹni tó wà ní Nàìjíríà.