Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni wọ́n, ẹ yé pè wọ́n láláàánú

Mo tún gbọ́ ohun tí wọ́n ń pe "social worker" ní Yorùbá lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá: "òṣìṣẹ́ aláàánú". Ara mi ò gbà á. Ẹlòmíràn á ní "òṣìṣẹ́ àwùjọ", bí ẹni pé awakọ̀ àti aláta kì í ṣiṣẹ́ láwùjọ. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé "òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re". Ẹgbẹ́ òṣèlú ni etí Yorùbá ń gbọ́ nínú ìyẹn láti ayé Awólọ́wọ̀. "Wẹ́fíà" táwọn ìyá wa ń pè é sàn ju gbogbo wọn lọ, kò kúkú parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

"Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ìgbáyégbádùn" ni tèmi, mi ò sì ní yẹ̀. Wọ́n ní ó gùn. Ṣé "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́" lẹ fẹ́ gé kúrò ni? Òun gan-an ló ń dun àwọn tó ń ṣe é! Lọ́dún 1915, Abraham Flexner, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ kan, dìde ní Baltimore, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó bèèrè bóyá iṣẹ́ yìí tó ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ó sì ní kò tíì tó o. Ọ̀rọ̀ yẹn ń tẹ̀ lé wọn dòní. Wọ́n ń kọ́ ọ gboyè ní Nsukka àti Ìbàdàn, síbẹ̀ "Àǹtí Onírẹsì" ni wọ́n ń pe àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣe é níbí l'Abuja, nítorí wọ́n rí i lọ́jọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì fáwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ó ní owó oṣù táṣẹ́rẹ́ ò dun òun tó orúkọ yẹn.

Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà Kubwa, aláàánú á bá ọ tì í, á fún ọ lómi mu. Mẹkáníìkì Apo ló máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, táá ní kí o tún ṣíná, táá dẹtí títí yóò fi mọ ibi tó ti ń ké. Bí iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ìgbáyégbádùn ṣe rí nìyẹn. Ti ilé ìwòsàn ni o, ti kóòtù ni o, ọ̀kan náà ni.

Wọ́n fẹ̀sùn olè kan ọmọkùnrin kan ní Nyanya. Àbúrò ìyàwó mi lọ sílé wọn. Ó rí i pé kí ọmọ náà tó dáhùn ohunkóhun, ojú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wò, àní nígbà tó bi í bóyá ó ti jẹun. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fẹ́ kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ dé iwájú adájọ́ kó tó pinnu ọ̀ràn ọmọdé. Àánú nìkan ò lè kọ ìwé yẹn.