Bí wọ́n ṣe ń kó fáìlì jáde nínú hádì dísìkì bákọ́ọ̀pù tó ti bàjẹ́

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun táwọn èèyàn ṣe lẹ́yìn tí dráìfù bàjẹ́ ló ń pa fáìlì inú ẹ̀. Dráìfù já bọ́ láti orí tábìlì, wọ́n fi í sí kọ̀ǹpútà, kò wọlé, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún fi sí, wọ́n gbá a díẹ̀, Windows ní kí wọ́n fọ́máàtì ẹ̀, wọ́n gbà. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò ìgbéyàwó ló wà níbẹ̀, fídíò ìsìnkú bàbá wà níbẹ̀, torí wọ́n ti pa èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè gbà wọ́n, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wá kù, wọ́n sì ṣì ń pè é ní bákọ́ọ̀pù.

Inú hádì dísìkì, àwo pẹlẹbẹ ló wà níbẹ̀ tó ń yí nígbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, orí kékeré kan sì wà lójú àwo kọ̀ọ̀kan tó ń kà á tó sì ń kọ ọ́. Orí yìí kì í fara kan àwo o, afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, àlàfo tó wà láàárín wọn kéré débi pé eruku ò lè gbà á kọjá, ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni ò fi gbọ́dọ̀ tú u nínú ilé. Tó bá já bọ́ nígbà tó ń yí, orí lè lọ họ àwo, ohun tó họ á di lẹ́búlẹ́bú, lẹ́búlẹ́bú yẹn á tún máa họ ibòmíì. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́, orí ló ń wá ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ kíkà tí kò rí i, tó padà, tó tún lọ. Ẹ yọ ọ́ kíákíá. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè tún ìyẹn ṣe.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ gbé e sínú fírísà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò, torí tó bá jáde sínú ooru, omi á sẹ̀ sára ẹ̀, ó sì lè sẹ̀ dé orí àwo.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sírú ẹ̀ ni pé wọ́n á tú u nínú yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀, wọ́n á yọ orí tó bàjẹ́, wọ́n á fi ti dráìfù míì tó bá a mu rẹ́gí rọ́pò, kó ṣáà lè ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi dà á kọ tán. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ẹ̀ ló jó, pípààrọ̀ bọ́ọ̀dù nìkan kì í sábà tó, ṣíìpù kékeré kan wà lórí ẹ̀ tí wọ́n kọ ètò tó bá dráìfù yẹn nìkan mu sí, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìyẹn lọ sórí tuntun.

Àmọ́ tí dráìfù bá ṣì ń wọlé, tó kàn ń fà, ẹ̀dà gbogbo dráìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kẹ́ ẹ tó wá fáìlì kankan, kẹ́ ẹ má sì ran CHKDSK, irinṣẹ́ Windows tó ń tún àṣìṣe dísìkì ṣe, lórí ẹ̀, torí ó máa ń yí nǹkan padà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi Windows kọ́pì, á dúró ti ibi tó bàjẹ́, á máa tún un kà ṣáá, orí tó ti ń ṣàìsàn á sì kú síbẹ̀. Sọ́fítíwíà kan tó ń ṣe ẹ̀dà dráìfù, GNU ddrescue, ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tó dáa ló máa ń kọ́kọ́ kó, tó bá kan ibi tó le á fò ó, ìgbà tó bá kó ìyẹn tán ló máa padà wá bá èyí tó fò, díẹ̀díẹ̀, títí á fi máa ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lórí Linux:

ddrescue -d -n /dev/sdb eda.img eda.map
ddrescue -d -r3 /dev/sdb eda.img eda.map

Ẹ fi àṣẹ lsblk wo orúkọ dráìfù dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, àpẹẹrẹ ni sdb yẹn. Fáìlì eda.map yẹn ló ń rántí ibi tó dé, tí NEPA bá mú iná lọ, ẹ kàn tún àṣẹ kan náà tẹ̀ ni, ó máa bá a lọ. Àyè tẹ́ ẹ máa kó o sí gbọ́dọ̀ gba gbogbo dráìfù, tó bá jẹ́ 1TB, 1TB ni, kódà tí fáìlì inú ẹ̀ ò ju 200GB lọ.

Ẹ̀dà yìí ni wọ́n á wá máa wá fáìlì nínú ẹ̀. Dráìfù ní àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, NTFS, ìyẹn ètò tí Windows fi ń to fáìlì, ń pe tiẹ̀ ní MFT, tí ìyẹn bá bàjẹ́, fáìlì fúnra ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, bí ìwé tí wọ́n ya ojú ewé àtòkọ orí ẹ̀ dànù. Sọ́fítíwíà TestDisk lè tún àkọsílẹ̀ yẹn tò nígbà míì. Tí kò bá ṣeé ṣe, sọ́fítíwíà PhotoRec á máa wá àmì ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, fọ́tò JPEG máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FF D8 FF, á sì kó wọn jáde láìsí orúkọ, láìsí fódà, ẹ̀yin lẹ máa jókòó ṣà wọ́n. Fáìlì tó fọ́n káàkiri lórí dísìkì máa ń jáde ní àbọ̀.

Fífọ́n tàbí àìfọ́n yìí ṣe pàtàkì gan-an. Nígbà tí Columbia, ọkọ̀ NASA tó ń lọ sí gbalasa òfurufú, fọ́ lójú ọ̀run Texas ní February 2003, wọ́n rí hádì dísìkì kan lára ohun tó já bọ́, ó ti jóná, ó ti dọ̀tí, ilé iṣẹ́ Kroll Ontrack ní Minnesota sì kó ìdá 99 nínú 100 jáde. Wọ́n fọ àwo ẹ̀, wọ́n gbé e sínú dráìfù míì. Ohun tó gbà wọ́n ni pé DOS, ètò àtijọ́ táwọn kọ̀ǹpútà ń lò ṣáájú Windows, ló ń lò, DOS sì kó fáìlì jọ sójú kan, ibi tó họ sì jẹ́ ibi tó ṣófo.

SSD, ìyẹn dráìfù tí kò ní àwo tó ń yí, yàtọ̀ sí gbogbo èyí, fáìlì tẹ́ ẹ bá parẹ́ lórí ẹ̀, TRIM, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ fún SSD pé àyè yẹn ti ṣófo, sábà máa ń jẹ́ kó nù lọ pátápátá láàárín àkókò kúkurú. Àwọn dráìfù USB kan sì wà tí bọ́ọ̀dù wọn ti yí ohun tó wà nínú ẹ̀ sí àṣírí tí òun nìkan lè kà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe é, tẹ́ ẹ bá yọ dísìkì ẹ̀ sínú kéèsì USB míì, wúruwùru lẹ máa rí, bọ́ọ̀dù yẹn ni kẹ́ ẹ má sọ nù. Tó bá sì jẹ́ BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dráìfù pa, ẹ kọ́kọ́ wá kọ́ọ̀dù onínọ́ńbà 48 tó ń ṣí i, ó lè wà nínú àkáǹtì Microsoft yín, kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.