Petite-Rosselle

Petite-Rosselle jẹ́ ìlú kékeré kan ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ní ẹkùn Moselle, nítòsí Forbach. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò pé 7,000. Odò Rosselle ló pààlà láàrin òun àti Großrosseln tó wà ní Jámánì. Rosselle Kékeré àti Rosselle Ńlá lorúkọ méjèèjì, ọ̀kan ńbí, ọ̀kan ńbẹ̀un.

Èédú ló sọ ibẹ̀ dìlú. Kí ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ń ka èyí má rò ó sí èédú igi tí àwọn ìyá alágbàdo ń fẹ́ létí títì Ṣágámù o, èédú ilẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà ní Ẹnúgu ní 1915 tí ọkọ̀ rélùwéè fi ń rìn nígbà yẹn. Ọdún 1856 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i gbé jáde ní Petite-Rosselle, ní kòtò Saint-Charles. Ìdílé Wendel ló ni iṣẹ́ náà, àwọn yẹn ti ń yọ́ irin tipẹ́, iná iléeṣẹ́ wọn ò sì gbọdọ̀ kú, ni wọ́n bá tún gbẹ́ kòtò ńlá míì tí wọ́n fi orúkọ ara wọn pè. Lébìrà wá láti Pólàǹdì, Ítálì, Àlùjíríà àti Mòrókò. Ní 1946 ìjọba gba gbogbo kòtò èédú agbègbè náà.

Ọ̀rọ̀ bodè ibẹ̀ ló wá ń yani lẹ́nu jù. Jámánì gba ìlú yìí lọ́wọ́ Faransé ní 1871, Faransé gbà á padà ní 1918, Hitler tún gbà á ní 1940, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí ó tún bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ẹni tí wọ́n bá bí síbẹ̀ ní 1865 tó sì pẹ́ láyé dáadáa máa ti pààrọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mẹrin láìkó ẹrù kúrò nílé bàbá ẹ̀. Platt lèdè àdúgbò wọn, ó bá Jámánì tan, ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́, Faransé ni tiléèwé, bíi tàwa tá à ń sọ Ìjẹ̀bú nílé tá à ń kọ Yorùbá ìwé. Àwọn àgbà ṣì ń sọ ọ́, àwọn ọmọ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ mọ́.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kó tó di ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892, àlejò ò lè ṣàdédé kọjá lójú oníbodè. Ní Petite-Rosselle báyìí oníbodè tó ń jókòó síbẹ̀ nígbà gbogbo ò sí mọ́, èèyàn lè sùn ní Faransé kó lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì kó sì padà wálé lálẹ́.

Kòtò Wendel kógbá sílé ní 1986. Èyí tó kẹ́yìn ní gbogbo Faransé, La Houve ní Creutzwald, tòun náà ò jìnnà síbodè, tì ní April 2004. Wọ́n ti sọ kòtò Wendel di mùsíọ́ọ̀mù, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀, àwọn kan tó ti wa èédú rí ló sì ń mú àlejò yí ká.