Ẹ́sítírà Táyà Tó Wúwo Ju Ẹni Tó Ni Ọkọ̀ Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Houston ra RV, irú èyí tó gùn bíi bọ́ọ̀sì, tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Bó ṣe gba kọ́kọ́rọ́ tán báyìí, ṣe ló bẹ̀rẹ̀ tó ń wo abẹ́ ọkọ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń kó ẹrù sí, kò rí ẹ́sítírà táyà. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Wọ́n ti yọ ẹ́sítírà."

Wọn ò yọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ RV ńlá ni kì í ní ẹ́sítírà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é wá. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà, mo sì mọ ohun tí kò jẹ́ kó gbà. Ẹni tó bá ti wa mọ́tò rí lọ́nà Èkó sí Ìbàdàn mọ̀ pé bí Road Safety bá dá èèyàn dúró, tí wọ́n wo ìwé ọkọ̀ tán, ohun tó kàn ni: "Ẹ́sítírà yín dà? C-caution ńkọ́?" Ẹni tí kò ní, ẹ̀bẹ̀ ló kù tó máa bẹ̀. Bí táyà bá sì bẹ́ lóru lẹ́bàá Ṣágámù, kò sẹ́ni tí ẹ máa pè. Ohun tó wà nínú búùtù nìkan ló lè gbé yín délé. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti ta gbòǹgbò: ẹni tó gbé ẹ́sítírà dání ti bọ́, ẹni tí kò gbé e ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré.

Lórí Corolla, òótọ́ ni. Táyà Corolla pẹ̀lú ríìmù rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi kílò 18 lọ. Mo ti rí ìyá kan tó so ìró mọ́dìí, tó pààrọ̀ táyà tirẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú, tó sì tún ń bínú pé jáàkì yẹn ò mọ́. Ìgbà tí wọ́n bá gbé ìgbàgbọ́ kan náà kúrò lórí Corolla lọ sórí RV ló ń di òdì.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Táyà RV ńlá, èyí tí ríìmù rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 22.5, lè wọn nǹkan bíi kílò 50 láìsí ríìmù nínú. Ríìmù onírin tirẹ̀ lè tó kílò 35. Bí wọ́n bá so pọ̀, ẹ ti ń sún mọ́ kílò 90 nìyẹn. Àpò sìmẹ́ǹtì kan nílé, kílò 50 ni, gbogbo wa la sì ti rí bí àwọn alágbàṣe ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé e lé ẹnì kan lórí. Ẹ wá fojú inú wo ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò méjì, tó rí roboto, tí kò níbi téèyàn lè dì mú, tó sì ń wá ibi tó máa yí lọ. Kílò 78 ni ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀. Ẹ́sítírà tó ń bínú pé wọ́n yọ wúwo jù ú lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ilé ìwádìí ìjọba lórí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní NIOSH, gbé ìṣirò kan jáde lọ́dún 1991 lórí ẹrù tí ọwọ́ lè gbé. Kílò 23 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà, ìyẹn sì jẹ́ fún ẹrù tó sún mọ́ ara, tó wà níbi tó rọrùn, tó ṣeé dì mú dáadáa. Bí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí bá yẹ̀, iye náà á máa já wálẹ̀ ni. Ẹ́sítírà RV tó dùbúlẹ̀ sórí kọ̀ǹkéré kò ní ẹyọ kan nínú wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin kílò 23. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń rẹ́rìn-ín báyìí pé, "Ti òyìnbó nìyẹn, àwa tí a fi iyán dàgbà ńkọ́?" Ọ̀pá ẹ̀yìn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín iyán àti búrẹ́dì o.

Gbígbé gan-an, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fi sílẹ̀ ná. Nọ́ọ̀tì ńkọ́? Mẹ́wàá ló máa ń wà lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan irú ọkọ̀ yìí, ìwọ̀n tí wọ́n sì ń fún wọn dé jẹ́ 450 sí 500 pound-feet. Ohun tíyẹn túmọ̀ sí rèé: ẹ mú sípánà tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ẹni tó wọn nǹkan bíi kílò 70 sí 75 wá fi gbogbo ara rẹ̀ dúró sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Iye agbára tó di nọ́ọ̀tì kan mú nìyẹn, bí ìpẹtà kò bá tíì dé ibẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti dé ibẹ̀, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wíìlì sípánà kékeré tí wọ́n ń tà nínú báàgì lásán ni lójú iṣẹ́ yìí. Àwọn táyà ẹ̀yìn tún ń lọ ní méjì-méjì. Bó bá jẹ́ ti inú ló bẹ́, tòde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò, lẹ́yìn náà ti inú á jáde, tuntun á wọlé, tòde á padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ máa bá kílò 90 wọ̀yá ìjà, létí ọ̀nà márosẹ̀, tí tírélà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Jáàkì náà tún ní ìtàn tirẹ̀. RV ńlá sábà máa ń ní irin mẹ́rin tó ń jáde lábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá páàkì, kí ilẹ̀ inú ọkọ̀ lè tẹ́jú, kí abọ́ ọbẹ̀ má bàa máa yọ̀ lórí tábìlì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i máa ń sọ pé, "Ṣebí jáàkì rèé!" Rárá o. Wọn ò ṣe é fún kí èèyàn kó ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tó gbé sókè, ìwé tó ń bá a wá sì máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi pààrọ̀ táyà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ibi tí wọ́n ń so táyà náà mọ́. Níwọ̀n bí kò ti sí àyè fún un nínú ọkọ̀, àwọn kan á jó irin mọ́ ìdí RV, wọ́n á so ó síbẹ̀. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ fẹ́ gbé e kọ́ àkàbà ẹ̀yìn. Wọ́n á ní, kí ni kílò 90 lára ọkọ̀ tó wọn tọ́ọ̀nù mẹ́wàá? Bí ìwọ̀n nìkan bá ni, wọn ì bá jàre. Àmọ́ ẹ rántí igi tí àwọn ọmọdé ń gbé sórí òkúta, tí ẹnì kan ń jókòó síhìn-ín, tí èkejì ń jókòó sọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn RV ni òkúta náà. Ká sọ pé àárín ẹsẹ̀ iwájú sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ mítà 5, tí ìdí ọkọ̀ sì yọ mítà 3 kọjá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ẹ bá so kílò 90 mọ́ ìparí ibẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò ní ru 90, kílò 144 ló máa ru. Níbo ni 54 yòókù ti wá? Ẹsẹ̀ iwájú ni wọ́n ti bù ú. Iwájú fúyẹ́, iwájú náà sì ni sítíárì wà. Bẹ́ẹ̀ rèé, lára RV elépo bẹntiróò tí ìdí rẹ̀ gùn, ó wọ́pọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti sún mọ́ ìwọ̀n tó lè rù jù kí ẹnikẹ́ni tó so nǹkan kan mọ́ ọn. Bébà tí wọ́n lẹ̀ sítòsí ìjókòó dírẹ́bà máa ń sọ ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè rù. Òṣùwọ̀n CAT Scale tó wà níbi táwọn onítírélà ti ń sinmi á sọ èyí tó ń rù lọ́wọ́, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Táyà tó bá ń ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ á máa gbóná, táyà tó ń gbóná ló sì ń bẹ́. Ẹ ò rí nǹkan: ẹ́sítírà tí wọ́n torí táyà bíbẹ́ gbé lè di ara ohun tó máa bẹ́ táyà.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. "Kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí, tuntun ni." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn nílé, níbi tí wọ́n ti ń ta táyà tokunbọ̀, mo sì tún gbọ́ ọ ní Texas. Rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Oòrùn, ooru àti afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́ níbi tó so kọ́ sí. Kódà, èròjà kan wà tí àwọn tó ń ṣe táyà ń pò mọ́ rọ́bà kó má bàa tètè sán. Yíyí táyà lójú ọ̀nà ló ń fà á jáde wá sójú rọ́bà. Táyà tó kàn so kọ́ fọ́dún mẹ́jọ kò rí àǹfààní yẹn gbà. Ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tó fi lè di dandan kí ẹ rákòrò wọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó rí i kà. Michelin sọ pé bí táyà bá ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹni tó mọṣẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, bó bá sì pé ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọn ò yọ ẹ́sítírà sílẹ̀.

Lóṣù Kẹfà ọdún 2022, Goodyear ní kí àwọn èèyàn dá táyà G159 oní 275/70R22.5 padà, nǹkan bí 173,000. Wọ́n lo ọ̀pọ̀ rẹ̀ lórí RV. Láàárín 1996 sí 2003 ni wọ́n ṣe wọ́n, èyí tó fi hàn pé àbíkẹ́yìn wọn gan-an ti tó ọmọ ọdún 18 lọ́jọ́ tí ìkéde náà jáde. Bí irú ẹ̀ bá ṣì wà níbì kan lónìí, ẹ wò ó lẹ́yìn ọkọ̀ ẹni tó ń pè é ní tuntun.

Kí lèèyàn á wá ṣe? Lórí RV kékeré, bí èyí tí wọ́n kọ́ sórí Ford E-450, tí táyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 16, ẹ gbé ẹ́sítírà yín, kò sí wàhálà. Nǹkan bíi kílò 30 ni, èèyàn méjì á gbé e láìmí gúle. Ti àwọn ńlá ló yàtọ̀. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tó yẹ kí ẹ náwó lé ni àdéhùn ìrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà tó mọ̀ nípa RV, bíi Coach-Net tàbí Good Sam, torí àwọn tí wọ́n máa rán wá yóò gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, jáàkì ńlá àti ìbọn tó ń tú nọ́ọ̀tì dání. Ìṣòro tó lè kù ni pé wọ́n lè má ní irú táyà tí ọkọ̀ yín ń lò, pàápàá lálẹ́ Sunday ní àárín aṣálẹ̀. Nítorí ìyẹn nìkan, bí ìwọ̀n ọkọ̀ yín bá gbà á, ẹ lè gbé táyà kan dání láìsí ríìmù. Àwọn ló máa fi bọ ríìmù yín. Kílò 50 nìyẹn dípò 90, ó sì lè wọ inú àyè ẹrù tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì ọkọ̀, níbi tí kò ti ní bù lára iwájú. Kí ẹ tún ra àwọn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń dé mọ́ ẹnu fáàfù, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ bá ń dín kù. Tèmi ni pé owó yẹn wúlò ju ti irin tí wọ́n ń jó mọ́ ìdí ọkọ̀ lọ.

Bó bá wá di dandan kí ọwọ́ yín kan táyà ńlá, ẹ wo àwọn mọ́tò bọ́ì tó wà ní páàkì tírélà ní Ògèrè. Ọ̀pọ̀ wọn tín-ín-rín bí igbálẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń pààrọ̀ táyà tírélà lójoojúmọ́. Ẹ ò ní rí ẹni tó gbé e níbẹ̀. Wọ́n á nà án ró, wọ́n á máa yí i pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Bó bá dé ìdí ọkọ̀, wọ́n á sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ihò ríìmù yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bóòtù dọ́gba, wọ́n á ki irin gígùn bọ abẹ́ táyà, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ tẹ ìpẹ̀kun kejì. Irin yẹn ló gbé e. Bí táyà bá sì fẹ́ ṣubú, wọ́n á sá fún un ni, wọn kì í nawọ́ mú un. Àwọn tó ń nawọ́ mú un ni ìka ń kán. Ohun kan ni mi ò ní kí ẹ kọ́ níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Táyà ọkọ̀ ńlá tí wọn ò tíì fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ọkọ̀, inú àgò onírin tàbí lẹ́yìn ìdènà ni òfin iṣẹ́ Amẹ́ríkà ní kó wà kí wọ́n tó fẹ́ ẹ, torí bó bá bẹ́ lójú ẹni, ìròyìn ẹni náà kì í dùn ún gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìkùnsínú. Ó wọn ọkọ̀ rẹ̀, ó rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ló bá san owó ìrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà, ó sì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ́sítírà. Nígbà tí mo lọ kí i, ó ṣí àyè ẹrù ìdí ọkọ̀ hàn mí. Odó ìgúnyán ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀ méjì. Mo bi í pé kílò mélòó ni. Ó ní òun ò tíì wọn ìyẹn.