Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ìdìtẹ̀ sí Olórí Orílẹ̀-èdè

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn àwọn tó gbìmọ̀ láti pa olórí orílẹ̀-èdè, ìbọn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé kìíní, ọkùnrin kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń nu ìbọn, òjò ń rọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú òjò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìbọn kì í gbé ọkàn òǹkàwé sókè pẹ́. Bó bá dún, ìtàn ti parí. Bí kò bá dún, òǹkàwé á bẹ̀rẹ̀ sí í yán.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ tún òwe yẹn wò, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà. Arọ gbọ́ pé ogun ń bọ̀, ó tètè fà kúrò lọ́nà. Ó dáa. Bí arọ bá wá gbọ́, tó ní irọ́ ni ńkọ́? Bó bá gbà pé òótọ́ ni, àmọ́ tí ojú ń tì í kí ayé má baà rí i níbi tó ti ń sá ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé owó ni wọ́n ń san fún ẹni tó wá kìlọ̀ fún un ńkọ́? Láàárín ìgbà tí ìròyìn dé etí olórí àti ìgbà tó gbà á gbọ́ ni ìtàn agbọ́kànsókè ń gbé. Apànìyàn kàn ń ka aago fún wa ni.

Àpẹẹrẹ tó dáa jù tí a lè fi kọ́ iṣẹ́ yìí kì í ṣe àròsọ. Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, ní oṣù Kejì ọdún 1861. Wọ́n ti dìbò yan Abraham Lincoln, àmọ́ kò tíì búra wọlé. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ni ìbúra. Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ń lo ẹrú ti ń ya kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 11 oṣù Kejì ni Lincoln gbéra ní Springfield, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ń kí àwọn èèyàn láti ìlú dé ìlú títí yóò fi dé Washington. Ìwé ìròyìn sì ti tẹ ètò ìrìn àjò náà jáde, ìlú, ọjọ́, wákàtí. Baltimore ni ìlú ńlá tó gbẹ̀yìn kó tó dé Washington. Ìpínlẹ̀ Maryland ló wà, wọ́n ṣì ń lo ẹrú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ará ìlú náà kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ Lincoln sétí. Ohun tó tún wá burú ni pé ọkọ̀ ojú irin kò la ìlú náà já. Ibùdó tí ọkọ̀ láti Àríwá ń gúnlẹ̀ sí yàtọ̀ sí ibùdó Camden tí ọkọ̀ Washington ti ń gbéra, ó sì tó nǹkan bíi máìlì kan láàárín wọn. Lincoln ní láti fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin la àárín èrò kọjá lọ́sàn-án gangan.

Ẹ fàlà sí abẹ́ máìlì kan yẹn. Ìtàn yín gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹ fi gbólóhùn mẹ́ta dáhùn: níbo ni máìlì náà wà, kí ló dé tí olórí kò lè yẹra fún un, ta ló mọ wákàtí tí yóò gba ibẹ̀ kọjá? Ìdáhùn kejì ló máa ń fọ́ mọ́ àwọn òǹkọ̀wé lọ́wọ́. Wọ́n á kó ewu ńlá jọ sí ibi àpèjẹ kan, òǹkàwé á sì béèrè pé, "Kí ló ṣe tí bàbá yìí kò jókòó sílé ẹ̀?" Bí Lincoln bá jókòó sílé, kò ní sí ìbúra, bí kò bá sí ìbúra, ìjọba ti dàrú. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa wá.

Ọ̀nà tí akọni gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà tún yẹ ká yẹ̀ wò. Allan Pinkerton, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni, kò gba iṣẹ́ láti dáàbò bo Ààrẹ rárá. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ rélùwéè tó ń lọ láti Philadelphia sí Baltimore, Samuel Felton, ló pè é, nítorí ó gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ ba ojú irin òun jẹ́, kí wọ́n sì dáná sun afárá. Iṣẹ́ afárá ni Pinkerton bá débẹ̀. Ó gba ọ́fíìsì ní Baltimore, ó ní alágbàtà ìpín ìdókòwò ni òun. Kate Warne, obìnrin tó gbà síṣẹ́ lọ́dún 1856, múra bí ìyàwó olówó láti Gúúsù, ó so rìbọ́ọ̀nù àwọn ọlọ̀tẹ̀ mọ́ àyà, ó jókòó ti àwọn obìnrin ìlú, wọ́n jọ ń tàkúrọ̀sọ. Ohun tí àwọn ọkọ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ nílé ọtí, àwọn ìyàwó ń sọ ọ́ sókè ní pálọ̀. Níbẹ̀ àti nílé ọtí ni orúkọ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: Cipriano Ferrandini, onígbàjámọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì Barnum.

Onígbàjámọ̀! Bí òǹkọ̀wé bá dá irú ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, olóòtú á ní kó fi ọ̀gágun rọ́pò rẹ̀. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Ta ni àwọn ẹni ńlá ìlú ń gbé ọ̀fun sílẹ̀ fún láràárọ̀, tí wọ́n tún ń bá sọ̀rọ̀ bí abẹ ti ń lọ? Iṣẹ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fún ọ̀daràn yín: awakọ̀, alásè, akọ̀wé tó ń tẹ ètò ìrìn àjò. Kí iṣẹ́ kékeré sì gbé akọni yín dé ìdí iṣẹ́ ńlá. Ẹni tí wọ́n sọ fún ní ojú ewé kìíní pé kó lọ gba olórí là kò ní ibi tó tún lè gùn dé mọ́.

Ká wá dé ìdí ọ̀rọ̀. Alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kejì, ní hòtẹ́ẹ̀lì Continental ní Philadelphia, Pinkerton àti Norman Judd, ọ̀rẹ́ Lincoln, gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ fún un pé kó wọ ọkọ̀ lóru ọjọ́ náà gan-an. Lincoln kọ̀. Ó ti ṣèlérí láti ta àsíá ní Independence Hall láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì ti ṣèlérí láti bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ ní Harrisburg lọ́sàn-án. Ó ní òun á ṣe méjèèjì. Kò tíì sùn tí Frederick Seward fi dé láti Washington pẹ̀lú lẹ́tà bàbá rẹ̀, William Seward, aṣòfin àgbà, àti ti Ọ̀gágun Winfield Scott, olórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà: àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá New York tó wà ní Baltimore ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Lincoln wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó tọ́: ǹjẹ́ àwọn tó mú ìròyìn yìí wá dárúkọ ẹnì kan tó ń jẹ́ Pinkerton? Rárá. Èyí ni pé èèyàn méjì tí kò mọra ti gbọ́ ohun kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìran yẹn ni kí ẹ lo àkókò lé lórí jù. Ẹ ṣàkíyèsí pé olórí ló béèrè, kì í ṣe akọni. Bí akọni bá ń pariwo ẹ̀rí sí olórí létí, olórí á dà bí òmùgọ̀, òǹkàwé kò sì ní bẹ̀rù fún òmùgọ̀. Ẹ jẹ́ kí olórí gbọ́n, kó sì tún ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání tí kò fi fẹ́ gbà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni fáìlì kan ṣoṣo tí gbogbo àṣírí wà nínú rẹ̀, tí akọni jí gbé lórí tábìlì. Ẹ gé e sí mẹ́ta. Orísun kan mọ ibi tí wọ́n máa lò, kò mọ wákàtí; èkejì mọ wákàtí, kò mọ orúkọ; ẹ̀kẹta mọ orúkọ, àmọ́ òpùrọ́ ni lójú gbogbo èèyàn.

Lẹ́yìn náà ni àtẹ wákàtí. Ẹ ya òpó mẹ́ta sórí ìwé, ti olórí, ti àwọn ọlọ̀tẹ̀, ti akọni, kí ẹ wá kọ wákàtí sí ẹ̀gbẹ́. Ní ti Lincoln, nǹkan bí aago 6 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22, ó yọ́ kúrò ní Harrisburg pẹ̀lú Ward Hill Lamon, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ, nìkan. Wọ́n gé wáyà tẹligíráàfù kí ìròyìn má baà ṣáájú wọn. Nǹkan bí aago 10, ó dé Philadelphia. Nǹkan bí aago 11, ọkọ̀ gbéra. Aago 3 ààbọ̀ òru, Baltimore. Aago 6 àárọ̀, Washington. Ọ̀sán ọjọ́ 23 ni ìwé ìròyìn ní kí àwọn ọlọ̀tẹ̀ máa retí rẹ̀. Gbogbo ìṣẹ́gun náà kò ju wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án yẹn lọ. Bí òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yín kò bá fi wákàtí yà síra, ẹ kò ní ibi tí ẹ máa fi ìtàn sí.

Òfin kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ yìí mọ̀, tí wọn kì í sọ: ètò tí akọni bá ṣàlàyé tán fún òǹkàwé gbọ́dọ̀ bàjẹ́ níbì kan. Èyí tí yóò bá yọrí sí rere, ẹ fi ìdajì rẹ̀ pa mọ́.

Ẹ ka iye ẹni tó mọ̀, kí ẹ sì máa fi ọ̀kan kún un ní orí kọ̀ọ̀kan. Ní Harrisburg, wọ́n ní láti sọ fún àwọn mélòó kan nínú àwọn tó ń bá Lincoln rìn. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Edwin Sumner bínú gidi, ó ní ìwà ojo ni, ó sì ní òun á tẹ̀ lé e dandan. Nígbà tí Lincoln ń wọ kẹ̀kẹ́, Judd gbé ọwọ́ lé Sumner léjìká bí ẹni fẹ́ bá a sọ̀rọ̀; kí kọ́nẹ́ẹ̀lì tó yí padà, kẹ̀kẹ́ ti lọ. Ọ̀rẹ́ tó ń bínú dáa fún ìtàn ju ọ̀dàlẹ̀ lọ. Ọ̀dàlẹ̀ ti sú àwọn òǹkàwé.

Inú ọkọ̀ wá ńkọ́? Kate Warne ti gba àwọn ibùsùn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń ṣàìsàn ló ni ín. Felton ti pàṣẹ pé kí ọkọ̀ má gbéra àfi bí ẹrù pàtàkì kan bá dé. Ìwé lásán ni wọ́n dì sínú ẹrù náà. Aláìsàn yìí ga tó ẹsẹ̀ 6 ó lé íǹṣì 4, kò lè na ara tán lórí ibùsùn náà. Lamon di ìbọn àti ọ̀bẹ mọ́ra bí ọdẹ. Ó na díẹ̀ nínú rẹ̀ sí Lincoln, Pinkerton sì fàáké kọ́rí. Ní Baltimore, ẹṣin fa ọkọ̀ tí wọ́n sùn sí náà lórí irin la ìgboro tó ṣókùnkùn kọjá lọ sí Camden. Wọ́n dúró níbẹ̀. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ sọ pé ọkùnrin kan ń fi kùmọ̀ lu ilé pákó òṣìṣẹ́ kan tó sùn, ó ń kígbe léraléra pé aago mẹ́rin ti lù. Gbà, gbà, gbà. Kò sí ìbọn, kò sí ọlọ̀tẹ̀, kùmọ̀ àti pákó nìkan. Ẹ kọ ìró náà, kí ẹ má sọ fún òǹkàwé pé ẹ̀rù ń ba ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ fíìmù ni, ojú ewé kan sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ìran yìí tó ojú ewé mẹ́ta, kí ọ̀rọ̀ ẹnu má ju ìlà márùn-ún lọ.

Ọ̀rọ̀ àdììtú wọn kò le: nínú tẹligíráàmù, Lincoln ń jẹ́ "Nuts", Pinkerton ń jẹ́ "Plums". Àwa ní àrokò nílẹ̀, ẹ má lọ yá nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àrokò ò nílò ju ohun tí olùránṣẹ́ àti olùgbà ti jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó gbé e lọ́nà kò mọ̀. Ẹ fi àdéhùn náà hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, nínú ọ̀rọ̀ tó dà bí eré, kí ẹ gbàgbé rẹ̀, kí ó wá ṣiṣẹ́ nígbà tí òǹkàwé náà ti gbàgbé.

Bí ilé ni ẹ bá fẹ́ gbé ìtàn kalẹ̀ sí, ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976 ni ẹ máa kà. Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú Mercedes rẹ̀ ní Ìkòyí, nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, láìsí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́, láàárọ̀, lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Máìlì kan náà tún nìyẹn, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó yí wákàtí padà. Ọ̀gágun mìíràn ni wọ́n ṣì mú fún Obasanjo tí wọ́n yìnbọn fún, bẹ́ẹ̀ ni Obasanjo ṣe yè. Dimka, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, bọ́ sórí rédíò, ó kéde kónílé-ó-gbélé láti aago 6 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí ìlú sùn lọ́sàn-án kó jí lóru. Bí ẹ bá fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sẹ́nu ọlọ̀tẹ̀ yín, kí ẹ ti kọ́kọ́ fi hàn pé kò fara balẹ̀ rí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òǹkàwé á ní ẹ̀yin lẹ ṣàṣìṣe. Kí ẹ sì yí orúkọ padà. Àwọn ẹbí wà láyé, ọkọ̀ náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan, ibi tí ọta ìbọn gbà wọlé ṣì ń hàn lára rẹ̀.

Ìparí ìtàn ìdènà ló máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́, nítorí wọ́n fẹ́ kí akọni gba ìyìn. Lincoln kò gba ìyìn kankan. Ìwé ìròyìn kan gbé e pé ó fi fìlà àwọn ará Scotland àti ẹ̀wù gígùn para dà. Irọ́ ni, àmọ́ àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ kò jẹ́ kó lọ. Wọ́n yà á bí ẹni tó ń sá lóru. Ó kábàámọ̀ pé òun gbà. Títí dòní, àwọn òpìtàn kan ṣì ń jiyàn bóyá ìdìtẹ̀ náà tó bí Pinkerton ṣe sọ ọ́. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kò lókùú, kò ní ọgbẹ́, kò ní ẹlẹ́rìí tó lè bọ́ síwájú adájọ́. Wọn kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Onígbàjámọ̀ náà padà sídìí àga rẹ̀ ní Baltimore, ó ń gẹ irun, ó ń fá irùngbọ̀n.