Sísin adìẹ Marans dé ojú òṣùwọ̀n ìran rẹ̀

Adìẹ Marans jẹ́ ìran adìẹ tí ó ṣẹ̀ wá láti Marans, ìlú èbúté kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí irà àti omi ti yí ilẹ̀ ká. Àwọn awakọ̀ òkun tí ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ láyé àtijọ́ kó àkùkọ oníjà wá, àwọn àkùkọ wọ̀nyí gun àgbébọ̀ ìbílẹ̀ agbègbè náà, nígbà tó sì yá, a fi adìẹ Langshan láti ilẹ̀ Ṣáínà kún un. Ohun tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni ẹyin rẹ̀, tí èèpo rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí obì gbígbẹ. Ọdún 1931 ni òṣùwọ̀n ìran náà, èyíinì ni ìlànà tó sọ bí adìẹ náà ṣe gbọ́dọ̀ rí, jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 2011 ni ẹgbẹ́ àwọn olùsìn adìẹ tí a ń pè ní APA (American Poultry Association) ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Marans dúdú ọlọ́rùn bàbà wọlé.

Ní Ìkòròdú, níbi tí ibùdó ọ̀sìn adìẹ Erikorodo wà, adìẹ tí àwọn olóko mọ̀ jù ni adìẹ òyìnbó tí ó lè yé tó 300 ẹyin lọ́dún, tí a ń tò sínú kíréètì ọlọ́gbọ̀n-ọgbọ̀n. Marans kì í sábà kọjá 150 sí 200. Ẹni tí ó bá fẹ́ sìn ín dé ojú òṣùwọ̀n ní láti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe iye ẹyin ni òun ń wá, bí kò ṣe àwọ̀ ẹyin àti ìrísí adìẹ pọ̀, nítorí pé adìẹ tó rẹwà tó ń yé ẹyin tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí kò kún ojú òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà sì ni èyí tí ẹyin rẹ̀ pọ́n ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò bá ìlànà mu.

Ní ti ara, òṣùwọ̀n Faransé fẹ́ kí àkùkọ wọn kílò 3.5 sí 4, kí àgbébọ̀ wọn kílò 2.6 sí 3.2. Ogbe rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan láìyọ ẹ̀ka, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ pupa láìní funfun, ìka mẹ́rin ni kí ó wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìyẹ́ díẹ̀ sì hù sí ẹ̀gbẹ́ ìta ojúgun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn fẹ́ ẹsẹ̀ tí kò níyẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, jẹ́ àbùkù ńlá, ó sì ṣòro láti lé kúrò, nítorí pé àbùdá rẹ̀ lè fara pamọ́ sínú àkùkọ àti àgbébọ̀ tí ẹsẹ̀ tiwọn funfun, kí ó tó hàn lára ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ẹyin ló gba sùúrù jù. Nǹkan bí ogún wákàtí ni èèpo fi ń wọ ẹyin lára nínú adìẹ, wákàtí díẹ̀ tó kẹ́yìn sì ni èròjà àwọ̀ tí a ń pè ní protoporphyrin máa ń bo èèpo náà, bí ẹni kun ọ̀dà sára ògiri tí a ti rẹ́ tán. Bí a bá fi ìka tí omi wà lára rẹ̀ ra ẹyin tuntun, àwọ̀ rẹ̀ lè ṣí díẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bí a bá sì fọ́ ọ, inú èèpo náà kò pọ́n bí ẹ̀yìn rẹ̀. Àtẹ àwọ̀ tí a fi nọ́ńbà 1 dé 9 tò ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀, ẹyin tí kò bá sì dé 4 kì í ṣe ẹyin Marans lójú òṣùwọ̀n. Ẹyin àkọ́yé ló máa ń pọ́n jù, lẹ́yìn náà àwọ̀ a máa ṣí bí adìẹ ti ń yé lọ, títí yóò fi sinmi. Ooru, ìpayà àti àrùn bíi lùkúlùkú náà máa ń mú kí àwọ̀ èèpo ṣí, nítorí náà kò tọ́ kí olùsìn pa adìẹ kan rẹ́ nínú ìran nítorí ẹyin tí ó yé nígbà tí ara rẹ̀ kò yá.

Ẹsẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ náà ń fẹ́ ìtọ́jú ní Ìkòròdú, nítorí pé nígbà òjò, ẹrẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ náà, a gbẹ, a sì gé e. Ilẹ̀ ilé adìẹ gbígbẹ tí a fi lẹ́búlẹ́bú igi tẹ́, tí a sì ń pààrọ̀ lóòrèkóòrè, ṣe pàtàkì fún ẹni tí yóò gbé adìẹ rẹ̀ síwájú adájọ́ níbi ìdíje adìẹ.

Ní ti yíyan àkùkọ, ìṣòro ibẹ̀ ni pé àkùkọ kì í yé ẹyin, síbẹ̀ ìdajì àbùdá àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Àwọ̀ ẹyin tí òun fúnra rẹ̀ ti jáde ni a kọ́kọ́ máa ń wò. Olùsìn gbọ́dọ̀ fi lẹ́ẹ̀dì kọ nọ́ńbà ìyá sára ẹyin kí ó tó sàba, kí ó ya ẹyin ìyá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú ẹ̀rọ tí a fi ń pa ẹyin, kí ó sì fi òrùka sí òròmọdìẹ lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógún tí wọ́n bá pa. Ìdánwò tó dájú ṣì kù: ẹyin àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Wọ́n lè tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó yé, nítorí náà a kì í tètè ta àkùkọ tàbí pa á jẹ kí ẹyin wọn tó jáde. Bí ẹyin àwọn ọmọ náà bá ṣí ju ti ìyá wọn lọ, nígbà tí ara gbogbo wọn yá, àkùkọ yẹn ni a máa yọ kúrò láàárín àwọn tí yóò tún gun adìẹ lọ́dún tó ń bọ̀.